Tọ́ọ̀pù Bọ́ọ̀sì Màmá Tiwa

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ rí i pé mo tún lè dìde dúró lónìí, ẹ rò pé ẹ̀rí ìwòsàn ni mo wá jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rí. Kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà ò sì fi pamọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí mi ò fẹ́ kó bá mi wọ ilẹ̀. Irin tó wà nínú àpò ìrẹsì níwájú pẹpẹ yìí, òun ni ẹlẹ́rìí mi. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Màmá Tiwa, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ kàn yín. Seth, má tíì lọ sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ, ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ kàn jù. Pásítọ̀, ẹ dákun, ẹ má gba maikí lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbófo nídìí iṣẹ́. Èmi Oyèyẹmí, Baba Dárasími, mekáníìkì tó ní kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè yan fanda fún òun ní gbogbo Sabon Gari. Ẹnu àìmenu, ètè àìmetè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tí Màmá Tiwa fi ń gbé kúlà oúnjẹ lọ síbi ìgbéyàwó kò lágbára mọ́; tó bá ti ru ìrẹsì àti ẹran tán, ńṣe ló ń wúkọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì míì. Màmá ní, "Níbo lọwọ́ mi ti tó o?" Ni mo bá ki ẹnu bọ̀ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ fi wàhálà yìí sílẹ̀ fún mi. Tọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan péré ni màá wá, irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì yẹn. Màá gbẹ́ àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀, màá fẹ̀ wọ́n, màá dán wọn. Ẹ́ńjìnnì yín á máa mí kanlẹ̀. Bọ́ọ̀sì yín á fò!" Ta ló kọ́ mi? Fídíò orí fóònù ni. Mi ò gbẹ́ ẹyọ kan rí láyé mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ Mallam Garba tó ń ta páàtì àlòkù. Bó bá fọkàn tán ọ, á kó tọ́ọ̀pù méjì lé ọ lọ́wọ́, kí o lọ yẹ̀ wọ́n wò, kí o mú ọ̀kan, kí o dá ìkejì padà. Òfin rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: èyí tí irin iṣẹ́ rẹ bá ti kàn, o ti rà á. Mo fi rúlà wo ojú àwọn méjèèjì bóyá wọ́n tẹ̀, mo wo àárín fáàfù wọn bóyá wọ́n sán. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, Mallam rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oyè, kar ka gyara abin da bai lalace ba." Ó ní kí n má tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Mo gbé ọ̀kan sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ihò àkọ́kọ́ dára. Ìkejì ń dán bí inú abọ́ tánganran. Orí mi wú. Ní ihò kẹta ni mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ jù. Ògiri ihò yẹn ò nípọn, ọ̀nà omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ ẹ yí padà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: ó ti lu, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n ní, "Màmá, mo ti ba ọ̀kan jẹ́, ẹ jẹ́ ká lo ìkejì bó ṣe wà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni màá ra ìkejì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì gbọ́ pé Oyèyẹmí lu tọ́ọ̀pù. Ìtìjú yẹn ni mi ò lè gbà. Mo po gọ́ọ̀mù irin, mo fi dí i, mo fi sáńpépà dán an títí ojú ò fi lè mọ̀.

Màmá Tiwa kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tàn bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Seth tó ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Ó ní kí n dán tọ́ọ̀pù wò lójú òun, bí àwa mekáníìkì ibí ṣe ń ṣe é. A ó da kẹrosíìnì sínú ọ̀nà omi rẹ̀, a ó fi ṣọ́ọ̀kì kun ara irin. Ibi tó bá lu, ṣọ́ọ̀kì á tutù níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, tọ́ọ̀pù kejì, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn, ni mo gbé jáde. Ṣọ́ọ̀kì gbẹ, ó funfun báláú. Màmá ní, "A dúpẹ́ o." Seth ló tún bá mi nù ún. Bí wọ́n ṣe yíjú, mo dá èyí tó dára padà fún Mallam Garba, mo sì de èyí tí mo fi gọ́ọ̀mù dí mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀tàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé ibi tó burú.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bọ́ọ̀sì fò lóòótọ́. Màmá ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ọwọ́ yín ò ní rọ o," mo sì ń ṣe àmín. Ní ọ̀sán Sátidé kan, wọ́n ń gbé oúnjẹ ìgbéyàwó lọ sí Zaria, ẹ́ńjìnnì hó, ó kú sójú ọ̀nà. Oúnjẹ ti kan, àlejò ò jẹun, ìdílé ìyàwó bú Màmá Tiwa bí ẹni bú olè. Wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì wá bá mi, wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ. Ìdérí rédíétọ̀ ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn: ó dé pinpin. Mo tú tọ́ọ̀pù: gọ́ọ̀mù mi ti já bọ́, ihò yẹn là sílẹ̀, ibẹ̀ ni omi gbà tán. Mo gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí òun àti Seth padà dé, Màmá ní, "Baba Dárasími, kí ló fà á?" Mo ní, "Omi ló tán. Ẹni tó ń wà á ò bu omi sí i."

Seth fò sókè. "Wallahi, Bàbá, mo bu omi! Mo bù ú láàárọ̀ kí n tó gbé kúlà!" Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, bóyá Ọlọ́run ì bá fojú fò ó. Mi ò dákẹ́. Mo ní, "Ṣé o rí i kó kún, àbí o kàn dà á?" Ó ní òun rí i. Mo ní, "Ta ló pè ọ́ nígbà yẹn?" Ó ní Tiwa ọmọ Màmá ló pe òun pé kí òun wá gbé kúlà. Mo ní, "Ẹn-ẹ́n! Ṣé o padà wá dé e? Ronú dáadáa." Ìdérí tí èmi fúnra mi fọwọ́ tú! Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bóyá... bóyá mo gbàgbé, sà." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Tiwa, ó ń sunkún. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Ó dáa tó o jẹ́wọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á dárí jì ọ́." Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ mọ ìyókù. Màmá lé e. Kò sẹ́ni tó tún fún un ní mọ́tò wà, wọ́n ń pè é ní Seth Gbàgbé-omi. Ó wá ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí àìsàn dé, àwọn ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn, Seth ló ń gbé mi lọ sí ọsíbítù ní Túsìdeè àti Fúráìdeè. Ó ń pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí gálọ́ọ̀nù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Seth, kí lo fi èyí ṣe? Kẹ̀kẹ́ yìí kì í lo omi, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù." Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Tí mi ò bá ṣáà ti rí omi nítòsí, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ nǹkan tí mo ṣe." Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹ tú àpò yẹn. Ẹ da kẹrosíìnì sí i, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún lójú gbogbo ìjọ, kí ojú tì mí. Màmá Tiwa, ẹ foríjì mí, bẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí kò tíì ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Seth, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ni pé o bu omi. O rí i kó kún. O sì padà wá dé e, ọwọ́ mi ló tú u. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, lọ da omi gálọ́ọ̀nù yẹn nù.