Ọ̀rọ̀ tí Ubaydullah Fi Sí Òkú Lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí, torí bí kò bá jáde, kò sí omi Sámúsámù tí yóò fọ̀ ọ́ kúrò lára òun. Bí Ubaydullah ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ṣèyí ní Pópó Àgùdà, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ gúgúrú, tí wọ́n ń bá a yọ̀ pé ó ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Wọ́n rò pé ó tún fẹ́ sọ ìtàn ìjọba rẹ̀ ni.

Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ káàkiri, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Àṣà dáadáa ni, ṣùgbọ́n orí ahọ́n lásán ló kù sí. Wọ́n á ní, "Ẹ foríjì mí o," wọ́n á dáhùn pé, "A ti foríjì ẹ́, rántí wa ládùúà." Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí òun ń dárí rẹ̀ jì. Ubaydullah, tó ń ta bàtà ọmọdé ní Ìdúmọ̀tà, ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà gba àforíjì bí ẹni tó ń gba ṣéńjì. Ó wá ku ẹnì kan, Memunat, akọ̀wé lọ́ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbosere. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Memunat ti yọjú sáàárín wọn kẹ́yìn, Ṣèyí ló bẹ̀ ẹ́ kó wá. Ó wọlé, ó kí gbogbo wọn, nígbà tí Ubaydullah sì la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ubay, mo ti foríjì ẹ́," ni Memunat wí. "Òótọ́ lo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ kọ́ lo dá ìtàn sílẹ̀. Máa lọ, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Ká ní ó bú u ni, ì bá gba èébú náà, ì bá di ẹrù rẹ̀, ì bá lọ. Inú rere yẹn ló pa á. Ó jókòó sórí páálí ìwé tó wà nílẹ̀.

"Irọ́ ni, Memunat," ó ní. "Irọ́ ni mo pa. Gbogbo ẹ̀ pátá, irọ́ ni."

Kí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n má baà sọnù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kó wọn jọ. Géèmù kan ni, géèmù àwọn ọba ayé àtijọ́, tí wọ́n ń gbá lórí kọ̀ǹpútà. Oníkálukú á mú ìlú kan, á dáko, á dájà sílẹ̀, á kógun jọ, á fi ọmọbìnrin fọ́kọ kí ó lè rí alábàárò. Bí ọba kan bá kú, àrólé rẹ̀ á gorí ìtẹ́, eré á máa lọ. Ṣèyí tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dénú ló ti bá wọn fi ìlú tiwọn sí i, Èkó, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ìbìní. Ṣùgbọ́n ìtàn tó ń tẹ̀lé eré gan-an ló dùn mọ́ wọn ju eré lọ. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Alásàrí, wọ́n á jókòó, oníkálukú á ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹnì kan á sọ bí ebi ṣe run ọmọ ogun rẹ̀ létí ọ̀sà, òmíràn á sọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe dalẹ̀. Abdulmujeeb, tí kì í borí ẹnikẹ́ni, ló mọ ìtàn ìṣubú sọ jù, tí wọ́n á fi máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. O kò gbọdọ̀ pe géèmù ní géèmù. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọ àti sí àwọn baba rẹ ni kí o ṣe sọ ọ́. Ẹni tó bá ní "nínú géèmù" á ra gúgúrú fún gbogbo ilé. Ẹni tí kò bá sì ráyè wá á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù ẹgbẹ́.

Kò sí ẹni tó mọ eré náà tó Memunat. Ó mú ìlú Ubaydullah láìta ọfà kan. Ó fi ọmọ rẹ̀ fún àrólé Ubaydullah, ó ní sùúrù, ọba àgbà kú, àrólé náà kú, adé bá já sórí ọmọ-ọmọ Memunat. Ọjọ́ tó sọ ìtàn náà, ẹgbẹ́ dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Ubaydullah ní Àna Memunat. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó sọ ọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù náà pé ohun tí kò tó nǹkan, tí kò yẹ kó mú àgbà ọkùnrin bínú, ló fi òun hàn bí òun ṣe kéré tó.

Ohun tó sì mú un burú ni pé inú agboolé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, ní ilé Alápò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀rẹ́ méjì ló kọ́ ilé náà, Abúdù Alápò àti Láwàní, tí wọ́n jọ ti Ìjẹ̀bú wá. Ìran Abúdù ni Ubaydullah, iwájú ni wọ́n ń gbé. Ìran Láwàní ni Memunat, ẹ̀yìn ni tiwọn. Wọ́n jọ ń pa àgbò Iléyá, wọ́n jọ ń pín in, kò sí ẹni tó ń béèrè ta ló ni ibì kan. Ìyá àgbà tó bí baba Ubaydullah ló máa ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà, bí Ubaydullah bá ń wọ́ ẹsẹ̀ fún un. Láwàní ló ra páànù, Abúdù ló ra pákó, wọ́n sì jọ gun òrùlé ni.

Ubaydullah mọ gbogbo èyí lámọ̀dunjú. Síbẹ̀, ní ìdí bàtà tó ń tà, ó gbé fóònù sẹ́nu, ó gba ohùn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, ó ní ohun tí Memunat kò mọ̀ rèé: Abúdù baba ńlá òun ló ra Láwàní lọ́jà Ẹ̀jìnrìn, àpò iyọ̀ méjì ló fi rà á, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Láwàní fi ń sùn lẹ́yìn ilé títí dòní. Kò pe géèmù ní géèmù. Ó pa òfin mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, Memunat náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa retí ogun òun lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Abdulmujeeb fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó sì dé etí Àlàájì Mùsílíù, ẹ̀gbọ́n baba Ubaydullah, olórí ẹbí. Ní àkókò yẹn, àwọn oníṣòwò ń wá ibi tí wọ́n máa kó ọjà sí kiri Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń sọ yàrá ènìyàn di sítọ́ọ̀. Ó ti pẹ́ tí ojú Àlàájì ti wà lára ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n Bàbá Sùlè, baba Memunat, ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ní ibi tí wọ́n ti bí òun ni òun á kú sí.

Àlàájì pe Ubaydullah sí pálọ̀. Ó béèrè ẹni tó sọ ìtàn Láwàní fún un. Ubaydullah ní "géèmù ni" ti dé ẹnu eyín òun. Ṣùgbọ́n Àlàájì kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ló ti gbọ́ ọ, àbí, Ubaydullah ló kúkú sún mọ́ wọn jù kí wọ́n tó kú. Lẹ́yìn náà ló yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní òun ń rò ó pé nínú àwọn ọmọ ilé, ta ló yẹ kí òun gbé lọ sí Mẹ́kà, torí òun rí i bí Ubaydullah ṣe ń jìyà nínú oòrùn.

Ubaydullah ní ẹni tó bá sọ pé Àlàájì fi ipá mú òun, irọ́ ló ń pa. Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn ni, òun ló fi ẹsẹ̀ ara òun wọlé. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lẹ́nu ìyá àgbà ni."

Ní ṣọ́ọ̀bù Ṣèyí, kò sẹ́ni tó ń jẹ gúgúrú mọ́. Ṣèyí ní, "Ubay, abeg, ó tó," torí ó rí ojú Memunat. Ubaydullah ní kò tíì tó, ibi tó burú jù ṣì kù.

Wọ́n pèpàdé ẹbí. Bàbá Sùlè jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn inú fóònù, àwọn àgbà mi orí. Memunat dìde, ó ní eré lásán ni, àwọn jọ máa ń ṣe é ni, kí wọ́n bi Ubaydullah léèrè. Wọ́n bi í. Ó ní eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fi eré sọ ohun tí ìyá àgbà sọ fún òun ni. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé Alùkùráánì wá. Bàbá Sùlè ló kọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí búra," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní Fátíà. Kò ní purọ́ mọ́ mi."

Ọ̀nà ṣí fún Ubaydullah láti bọ́ nínú ìbúra, bí kò tilẹ̀ bọ́ nínú irọ́. Ojú wá ń tì í, ó rò pé bí òun kò bá búra, wọ́n á fura. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé Alùkùráánì fúnra rẹ̀, ó fi orúkọ Ọlọ́run àti orúkọ òkú ìyá àgbà búra. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é.

Bàbá Sùlè ṣí fìlà. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìyá ló wí bẹ́ẹ̀, ó ti yé òun. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ kó lọ sí Ìkòròdù. Bálì aṣọ àwọn oníṣòwò ni wọ́n kó sí yàrá tí wọ́n bí i sí, owó yàrá náà ni Àlàájì sì fi ń gbé Ubaydullah lọ sí Mẹ́kà báyìí. Ní Ìkòròdù, bí àkókò ìrun bá tó, Bàbá Sùlè á dúró sínú yàrá, á kọjú sí ògiri, á máa pe ìrun ní ohùn jẹ́jẹ́ tí aládùúgbò kò lè gbọ́. Kò pẹ́ tó kú. Ubaydullah lọ sí ìsìnkú rẹ̀, ó sì kí Memunat kú ará fẹ́ra kù. Ó sọ èyí náà fún wọn, ó ní kí wọ́n mọ irú ojú tí òun ní.

Memunat kò sunkún.

"Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí Bàbá kú, wọ́n bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ra baba àwọn," ló wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbà á. Mo ní ó ti pẹ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo ní ìyá àgbà kò lè parọ́. Wọ́n wá kọjú sí ògiri. Ṣé o gbọ́? Ẹnu èmi ni wọ́n ti gbọ́ ọ kẹ́yìn." Ó gbé báàgì rẹ̀. "Àforíjì tí mo ṣe fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo gbà á padà. Dìde, ká lọ bá Àlàájì."

Wọ́n jọ rìn dé Ìsàlẹ̀ Èkó.  Ubaydullah ń rò ó bí ìbànújẹ́ yóò ṣe bá bàbá àgbàlagbà nígbà tó bá gbọ́ pé ọmọ tí òun fọkàn tán ti fi irọ́ mú òun lé ará ilé jáde. Àlàájì wà ní pálọ̀, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ubaydullah dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sì jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àlàájì kò yí ìjókòó padà.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìyá tèmi ni, Ubaydullah. Ìtàn páànù àti pákó tí wọ́n sọ fún ẹ, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ẹnu tí yóò sọ òmíràn ni mo ń wá, ìwọ lo sì yá mi ní tìẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ ń gbéra. Lọ tọrọ àforíjì lọ́hùn-ún, aláàánú ni Ọlọ́run."

Memunat béèrè bóyá Àlàájì á lè tún ọ̀rọ̀ tó sọ yìí sọ ní mọ́ṣáláṣí. Àlàájì ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Ubaydullah ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé òun tan àgbà jẹ, òun kò mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ni òun, tí ẹlòmíràn wọ̀ sọ́wọ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ má baà rùn. Síbẹ̀, kò mú un fúyẹ́. Kò sí ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ sórí Alùkùráánì.

Ọkọ̀ òfurufú gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ láìsí Ubaydullah nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó tọrọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Lemọ́mù, ó sì sọ ọ́, ti ara rẹ̀ àti ti Àlàájì. Àlàájì dìde ní sàfù iwájú, ó gbé bàtà rẹ̀, ó jáde. Àwọn kan tẹ̀lé e. Ubaydullah kò dákẹ́. Ó ní Láwàní kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òun ló ra páànù ilé Alápò, Sùlè ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ onílé títí tó fi kú.

"Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú sàréè ní Ìkòròdù," ó ní, "mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ òkú. Memunat kò foríjì mí, ó jàre. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ṣe eré yín, ẹ jọba, ẹ jagun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ baba ẹlòmíràn ṣeré, torí orúkọ yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń gbélé."