Èéfín Àárọ̀ Àjíkẹ́

Àjíkẹ́ Erin, ọmọ a-fẹ̀rín-kí-àlejò, ìyá Sùnmọ́nù, aládùúgbò mi, ló lọ yìí. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, mo tò sẹ́yìn òun àti Ràfíù àbúrò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ní Ìlaròó. Wọn ò rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èéfín igi yìí ló ń fún yín níkọ́. Gáàsì kì í rú èéfín, omi ìwẹ̀ yín á sì tètè gbóná."

"Tó bá bú gbàù ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà máa tì í pa tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán."

"Ó dáa. Bí kò bá sí èéfín, ta ló máa mọ̀ pé mo jí? Àlàmú òdìkejì ilé mi kì í fẹnu kan ẹ̀kọ rẹ̀ láàárọ̀ àfi tó bá rí èéfín mi. Ṣé kébi wá pa bàbá arúgbó ni?"

"Ẹ máa lọ kí i nílé."

"Kí n máa kanlẹ̀kùn ọkùnrin ní ìdájí? Ràfíù, ṣé o fẹ́ kí n fẹ́ ẹ ni?"

Èmi Àlàmú, mo yáa fi fìlà bojú.

Ó ra gáàsì náà. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń sun ewé gbígbẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nítorí tèmi. Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, mo jókòó ti ẹ̀kọ gbígbóná mi títí ó fi tutù. Jímọ̀ náà la sin ín.