Ọjọ́ tí Mo Yọ Wáyà Bátìrì Ìyá Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàngó, kò sí ríwáyà tó mọ iná alùpùpù tó èmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ. Láti Agbowó, láti Apẹtẹ, wọ́n á máa ti máṣíìnì bọ̀… Làsísì ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ọ̀nà kan ló fi ń mọ̀ bóyá máṣíìnì ń ṣáàjì, pé iná ń wọ bátìrì rẹ̀. Á ní, "Tan ẹ́ńjìnnì, kí o yọ wáyà kan lórí bátìrì. Tí kò bá kú, ó ń ṣáàjì." Ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Ta ló jẹ́ bi ọ̀gá léèrè nígbà náà?

Ìyá Nọ́ọ̀sì wá gbé máṣíìnì àtijọ́ wọn wá. Agbẹ̀bí ni wọ́n, òun ni wọ́n ń gùn lọ bá àwọn aboyún lọ́nà Apẹtẹ. Fèrè kì í dún dáadáa mọ́, bátìrì ń kú ṣáá. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo yọ wáyà. Kò kú… iná iwájú kàn mọ́lẹ̀ gbòò lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Mà, ó ń ṣáàjì, bátìrì yín ló gbó." A fi tuntun sí i.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n ń tì í bọ̀, òógùn bò wọ́n.

"Làsísì, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rọbí. Ọmọ ti ń yọrí kí n tó wọlé."

Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ ńkọ́?

Mo gbé bátìrì tó kún sí i, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo mú gílóòbù kékeré kan tí mo so wáyà méjì mọ́. Èmi ò ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Mo fi kan wáyà tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, ó tàn. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké sí i ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Kọ́ìlì tó ń pèsè iná yè nìyẹn. Ó ku rẹkitifáyà, nǹkan kékeré tó ń tún iná náà ṣe kó tó wọ bátìrì. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tú wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sí bátìrì, mo tún tan án, mo fi gílóòbù kan ẹnu wáyà náà. Kò tàn. Ó ti jóná.

Mo rántí iná iwájú tó mọ́lẹ̀ gbòò. Èmi ni mo jó o, nígbà tí mo yọ wáyà: iná tí bátìrì ì bá gbà ló pọ̀ jù fún un. Àìsàn tí wọ́n tiẹ̀ gbé wá lákọ̀ọ́kọ́ ńkọ́? Wáyà kan tó so mọ́ ara irin máṣíìnì ló dípẹtà, tí iná ò fi wọ bátìrì dáadáa. Ọ̀bẹ ni mo fi ha á.

Mo ní, "Ìyá, bátìrì yín ò ṣẹ̀. Èmi ni mo ba máṣíìnì yín jẹ́."

Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀, Làsísì."

"Èmi mọ̀, mà."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. "Ó dáa. Tún un ṣe. Aboyún kan ń retí mi."

Hmm… Lónìí, ẹ ní fóònù tó ń sọ ohun tó ń ṣe máṣíìnì. Ó dára o. Ṣé ó máa ń sọ ọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́? Ẹ máa pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tú wáyà bátìrì, ẹ̀yin ọmọ mi. Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ yín ló ṣe é, ẹ sọ. Títí Ìyá Nọ́ọ̀sì fi fẹ̀yìn tì, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan máṣíìnì yẹn.