Eérú Tí N Kò Fọwọ́ Kàn

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n kọ ojú ewé kan péré sí iwájú ìwé kékeré tí àwọn ọmọ yóò máa fi kọ́ bí a ṣe ń dènà iná igbó. Ó ní kí n kí wọn, kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi, kí n sì dúpẹ́. Ọpẹ́ kún inú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dúpẹ́ láì kọ́kọ́ jẹ́wọ́, irọ́ ni mo tún ń pa, mo sì ti pa tèmi tó. Iná tó jó òkè ẹ̀yìn ilé ìwé wa lọ́dún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, èmi Tíṣà Iná tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ fún, èmi ni mo fà á.

Ẹ mọ bí mo ṣe ń kọ́ni. Èmi kì í fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ nípa iná. Agbada irin kan ni mo máa ń gbé káàkiri, màá kó ewé gbígbẹ sí i, màá ṣáná sí i ní gbangba, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà yóò sì dúró yí i ká lẹ́yìn ìlà. Tó bá jó tán, gbogbo wa á jọ kígbe pé, “Da omi sí i! Rò ó! Tún da omi sí i! Ẹ̀yìn ọwọ́!” Bí ẹ̀yìn ọwọ́ kò bá tíì rí i pé eérú náà tutù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Mo le koko lórí ẹ̀yìn ọwọ́ yìí. Ọmọ tó bá kàn ń ṣe bíi pé òun fọwọ́ kàn án, màá dá a padà sẹ́yìn ìlà ni.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, atẹ́gùn ń fẹ́, koríko ti gbẹ pátápátá. Mo ti kọ́ kíláàsì mẹ́ta, ó ku ọ̀kan. Omi inú báàkẹ́tì mi ti tán, ẹ̀rọ omi tó wà nítòsí kò sì yọ mọ́. Èyí tó ń yọ wà lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ẹnu géètì. Ó rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí, wọ́n sì ti lu agogo. Ni mo bá fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bo eérú inú agbada náà. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé iyẹ̀pẹ̀ kàn ń bo iná mọ́lẹ̀ ni, pé kì í pa á!

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan wà níbẹ̀, Oníbéèrè ni a ń pè é nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó fa aṣọ mi. “Mà, èéfín ṣì ń jáde.”

Mo ní, “Eruku ni.”

“Mà, ẹ ò tíì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì wá di ìbínú. “Ìwọ ni tíṣà ni, àbí èmi? Ó yá, wọ kíláàsì lọ.” Mo gbé agbada náà, mo da eérú inú rẹ̀ sẹ́yìn ọgbà, sídìí koríko gbígbẹ, kí ó lè ṣófo fún kíláàsì tó kàn. Lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó sí yàrá àwọn tíṣà.

Kí ilé ìwé tó jáde, òkè ti ń jó. A kó àwọn ọmọ sá lọ sí pápá. Kò sí ẹni tó kú, mo sì ń dúpẹ́ ìyẹn láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta jó, gbogbo ilé oyin Bàbá Olóyin, bàbá àgbà Oníbéèrè, sì jó dà nù. Lọ́jọ́ kejì, a pé jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ọ̀gá àwọn panápaná bèèrè ẹni tó dáná lórí òkè. Bàbá Olóyin fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó ní, “Mo fi èéfín lé àwọn oyin láàárọ̀ àná. Mo rò pé mo pa iná náà dáadáa. Ó lè jẹ́ èmi ni.”

Ọ̀gá panápaná yíjú sí mi. “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣé iná olóyin lè fa irú èyí?”

Mo ní, “Ó lè fà á.”

Ẹ wò ó, n kò tilẹ̀ parọ́. Iná olóyin lè fà á lóòótọ́. Ojú gbogbo èèyàn yí sí bàbá, wọ́n sì gbójú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ló parí sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo nílò ìtàn tí àwọn ọmọ kò ní gbàgbé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀: “Bàbá kan wà tó ń sin oyin, kò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú rẹ̀...” Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi sọ ọ́ kiri ilé ìwé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, Oníbéèrè wà níwájú. Ó tẹ orí ba. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá gbọ́ pé ó ti sọ nílé pé eérú tíṣà ṣì ń rú èéfín, tí bàbá rẹ̀ àgbà sì ní, “Má gbé ẹ̀bi mi ru tíṣà rẹ.”

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún mi, orí kó mi yọ. Ta ni mo rí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì? Bàbá Olóyin ni, ó ṣí fìlà dání. “Mo wá dúpẹ́ ni, tíṣà. Ẹ̀yin lẹ sọ àṣìṣe mi di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Ó kéré tán, ó wúlò.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ojú abẹ lọ. Mo bú sẹ́kún, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀rọ omi títí dé ẹ̀yìn ọgbà.

Ó ní, “Kì í ṣe èmi?”

“Kì í ṣe yín, bàbá.”

“Ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá dìde. “Ẹ má tíì bẹ̀ mí o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Láti ọjọ́ yẹn, n kò ṣáná rí. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tan sítóòfù.”

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọlé pẹ̀lú Oníbéèrè, tó ti di ọmọge. Bàbá kò tíì jókòó tó fi sọ pé, “Mo tan sítóòfù fúnra mi láàárọ̀ yìí. Tíì yẹn gbóná débi pé ó bó mi láhọ́n!” A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò wá. Bàbá wá ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni mo pa ìtàn náà fún, àwọn ọmọ náà ni kí n lọ tún un sọ fún.

Oníbéèrè wò mí. “Mà, ṣé ẹ máa kọ ọ́ pé ẹ̀yin ni, àbí ẹ máa kọ ọ́ pé ‘tíṣà kan wà’?”

Èmi ni. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá panápaná pẹ̀lú, ohun tí wọ́n bá fi ṣe mí, mo gbà. Ẹ̀yin ará ilé mẹ́ta tó jó, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bàbá Olóyin, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan mẹ́rin ni mo kọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkarùn-ún kún un. Bí o bá rí èéfín, tí àgbàlagbà bá ní eruku ni, tún un sọ. Bí ó bá lé ọ wọ kíláàsì, wá àgbàlagbà mìíràn sọ fún.

Oníbéèrè, èéfín ni lóòótọ́. O ṣeun.