Ẹ̀rọ Orin Tí Mo Fi Dí Ìyá Ọkọ Mi Létí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bú mi. Ìyá ọkọ mi gbà pé àwọn ti dití. Irọ́ ni. Èmi ni mò ń dí wọn létí, ọ̀rọ̀ tí dókítà sì sọ lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Nígbà tí Màmá kó wá bá wa ní Bódìjà láti Mọ́níyà, ariwo dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wáàsí. Tí wáàsí bá tán, orin wákà. Rédíò wọn ń dún bí agolo. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ilé wo ló máa wo ojú ìyá ọkọ tó máa ní kí wọ́n dín in kù? Mo kàn ń yínmú sí wọn lẹ́yìn.

Rédíò náà bàjẹ́. Ọkọ mi ní ká ra ẹ̀rọ orin tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí sípíkà wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, ó gbé èyí tó ní bọ́tìnnì lára, ó ní ìyá òun á lè máa yí i fúnra wọn. Kàwékàwé tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ! Mo ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Mo mú èyí tí kò ní bọ́tìnnì kankan, tó jẹ́ pé fóònù ló ń pàṣẹ fún un. Fóònù ta ni? Tèmi.

Tí wáàsí bá ti bẹ̀rẹ̀, màá fi fóònù rọra dín ti yàrá wọn kù.

“Ìyàwó mi, bá mi gbé e sókè.”

“Ó ti dókè pátápátá, Màmá.”

“Mo ṣáà ń gbọ́ ohùn tìẹ.”

“Tí etí bá ti ń kú lọ, ohùn inú ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ máa ń lọ, mà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Arúgbó lásánlàsàn ni mo kà wọ́n sí.

Màmá gbà mí gbọ́. Wọ́n fi oyè Ìyá Àdínì sílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní adití kò yẹ kó máa ṣáájú àwọn tó ń gbọ́. Dókítà wá yẹ̀ wọ́n wò, ó ní etí wọn dá ṣáká. Ọkọ mi, ọlọ́gbọ́n, ní á jẹ́ pé orí wọn ló ń dàrú. Ó ti ń wá dókítà ọpọlọ.

Lánàá, Màmá di ọwọ́ mi mú. “Ìwọ nìkan lò ń fara dà mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìwọ náà dití.”

Mo ṣe àmín. Èmi tí mò ń fojú tín-ínrín ènìyàn, ta ló kéré tó mi?

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ fún wọn pé wọ́n ń gbọ́ràn?