Ẹyẹ Ni Ọkọ Mi Fẹ́, Kì í Ṣe Ẹ̀yẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí oúnjẹ àárọ̀ tó tutù. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ìgbà tí a ti ìlú ńlá dé, ó kọ̀, kò dà nínú mi. Láti àná tí ọkọ̀ ojú omi ti já wa sí erékùṣù yìí ló ti ń gun ọ̀nà ọ̀fun mi bọ̀, bí n kò bá sì bì í lónìí, òun ni yóò pa mí. Arúgbó ni mí. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò tó ẹ̀pà á jẹ, ṣùgbọ́n orin ṣì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Gbogbo ayé mi ni mo fi dunnú, mi ò sì ní purọ́ pé inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Inú mi dùn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí wọ́n tó yọ mí pé kí n wá máa pọn àbúrò, nítorí náà ẹni tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi wọ́, kó bá mi tọ́ ọ. Lọ́wọ́ obìnrin tó ni ilé àlejò ni mo ti tọrọ pẹ́ńsù tí mo fi ń kọ ọ́. Mo ti dìde jókòó, dìde jókòó, títí àga fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Alágbàfọ̀ ni mí, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn kan, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ìbùsùn tí a sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa ní ooru ibẹ̀ àti orin mi ló jọ ń gbẹ aṣọ náà. Mi ò rí kí ilẹ̀ mọ́ lójú fèrèsé rí, torí kò sí fèrèsé. Ọkọ mi ní tirẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni kó tó di ẹni tó ń ti igi sẹ́nu ẹ̀rọ nílé ìlagi. Ẹ̀rọ yẹn jẹ igi, ó sì fi etí ọkọ mi panu. Etí òsì kọ́kọ́ lọ, ọ̀tún wá ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni mo ṣe di etí fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀, èmi ni màá tẹ̀ sí etí ọ̀tún rẹ̀, màá tún un sọ, nítorí ohùn mi ló ṣì ń ráyè wọlé. Gbohùngbohùn ni àwọn ọmọ ń pè mí.

Dókítà etí yẹ ibẹ̀ wò tán, ó gbé iná kékeré ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ sọ fún wọn pé èyí tó kù náà ń lọ. Mi ò lè sọ ọjọ́ tó máa dí. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́, kí wọ́n tètè lọ gbọ́ ọ.” Mo tún un sọ bó ṣe rí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Nígbà yẹn mo ṣì jẹ́ olóòótọ́. A rìn dé ìdí ọkọ̀, ọkọ mi di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú. Ó wá ní, “Ẹyẹ.” Mo ní, “Ẹyẹ wo?” Ó ní, “Ẹyẹ erékùṣù.” Mo mọ ibi tó ń wí. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló lọ kan afárá onígi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Ó máa ń ní bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, ẹyẹ á bò wọ́n mọ́lẹ̀ débi pé wọn kì í lè pe ara wọn gbọ́, tí ayùn á dákẹ́, tí gbogbo wọn á jókòó sórí pákó máa gbọ́.

Àkọ́bí wa obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ rán wa lọ gbafẹ́ níbì kan. Ó ní ibi méjì ni òun lè ṣètò, erékùṣù yẹn tàbí ìlú ńlá, kí a yan ọ̀kan. “Kí lo fẹ́ lọ wò nílùú ńlá?” ni ọkọ mi bi mí. Mo ní, “Iná. Àtẹ̀gùn tó ń gbé èèyàn gòkè fúnra rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí àwọn akọrin ti ń tò bí eyín àgbàdo, tí wọ́n á pa ohùn pọ̀.” “Iná ò sí nílé wa ni?” “Ẹyẹ ò sí lórí igi ẹ̀yìnkùlé wa ni?” “Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn kì í kọrin, ẹjọ́ ló máa ń rò.” “Ẹ̀fọn ni yóò kọrin fún yín lọ́hùn-ún, ẹ ṣáà mú etí dání.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá ní, pẹ̀lẹ́, “Olórin mi, ẹnu rẹ ni orin tìrẹ wà, ibi tó o bá lọ ló máa bá ọ lọ. Tèmi ló ń sá lọ.” Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo gbà. Mo ní erékùṣù náà ni. Ó ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì.

Mo mú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀ nígbà náà, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀: Eye ni baba re fe. Kò pẹ́ tó pè mí padà. “Màmá, mo rí i o. Ẹ̀yẹ ni Bàbá fẹ́? Ẹ̀yẹ tọ́ sí wọn. Ta ló wá ń lọ gba ẹ̀yẹ nínú igbó? Ọ̀bọ ló máa yẹ́ wọn sí? Ìlú ńlá ni, ilé ìtura tí wọ́n ti ń báni gbé báàgì, tí wọ́n ń tẹrí ba fúnni lẹ́nu ọ̀nà.” Mo la ẹnu láti sọ pé ọmọ mi, ẹyẹ ni mo kọ, ẹyẹ abìyẹ́ tó ń fò. Orin ló jáde:

Ìlú ń pè mí, mo ti bọ́ sọ́nà,
ẹsẹ̀ ń yún mi, bàtà mi dà?
Ẹni ń lọ kì í bojú wẹ̀yìn,
ìlú ń pè mí, mo ti bọ́ sọ́nà.

Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mo fi tu ara mi nínú pé èmi kọ́ ni mo ṣì í kà. Ẹ wo irọ́ tí àgbàlagbà ń pa fún ara rẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá pè é ní àṣìṣe, kí n sì máa sùn. Ọmọ wa wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá òun. Ẹ mọ ohùn nọ́ọ̀sì, ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí aláìsàn. Ètè tó ń mì nìkan ni bàbá rẹ̀ rí. Mo jókòó sí ipò mi, lápá ọ̀tún. Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ìlú ńlá tẹ́ wọn lọ́rùn. Bó bá jẹ́ erékùṣù ni wọ́n fẹ́, mo ṣì lè pààrọ̀ rẹ̀.” Ọ̀nà là gbalaja níwájú mi. Mo tẹ̀ sí etí ọkọ mi, mo fi ohùn tó fọkàn tán jù láyé sọ pé, “Ó ní ọkọ̀ ò lọ sí erékùṣù mọ́. Afárá yín ti wó sómi. Ìlú ńlá ló kù.” Ó wò mí. “Ó wó?” Ó sọ ọ́ sókè, bí ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ní, “Kí ló wó, Màmá?” Mo ní, “Ó ń bèèrè bóyá ilé gíga yẹn ò ní wó lé òun lórí.” Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ sọ fún wọn pé kò lè wó.” Mo tún tẹ̀ sí i létí: “Ó ní wọn ò ní tún un kọ́.” Ẹ wo ẹnu kan tó ń pín irọ́ fún ọ̀tún fún òsì bí ẹni ń pín ẹran. Ọkọ mi yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé àwọn ló jẹ̀bi. “A kàn án dáadáa,” ló ń wí. “A kàn án dáadáa.” Ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìtura ló ń sọ, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kàn án dáadáa. Mo bọ́ sílé ìdáná, mo lọ ń fọ ife tó ti mọ́.

Ẹ má bi mí bóyá mo gbádùn ìlú ńlá. Mo gun àtẹ̀gùn tó ń rìn, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún, títí ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ fi ní, “Ìyá, ṣé nǹkan yín sọnù ni?” Mo ní, “Rárá, ọmọ mi, gbogbo ọdún tí mo lò lábẹ́ ilẹ̀ ni mò ń gbà padà.” Ọkọ mi di etí aṣọ mi mú kiri ìgboro, etí aṣọ náà ló kù tó fọkàn tẹ̀. Mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀, màá fà á sí ẹ̀gbẹ́, màá sì máa bá orin mi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan a wọ gbọ̀ngàn. Ọ̀gá akọrin na ọwọ́, orin bú jáde tí àyà mi ń mì tìtì. Mo mọ ègbè rẹ̀ kíá, mo ti ń bá wọn gbè é. Ọkọ mi fi ìgúnpá kàn mí. “Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?” Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe, torí òun ni mi ò lè sọ fún ẹ̀dá kankan títí di òní: mo kọ́kọ́ parí ègbè náà. Mo gbé e dé òpin, ó sì dùn lẹ́nu mi, kí n tó tẹ̀ sí etí ọ̀tún rẹ̀ kí n pè é. Mo pè é, mo tún pè é, bí ẹni ń pe èèyàn nínú kànga gbígbẹ. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn láyé, bóyá ariwo mọ́tò ni, bóyá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Kì í ṣe ẹyẹ. Èmi ni mo sì mú un débẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló wá di etí. Ìka ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan mo ń kọ ọ́ lọ, ó mú ìka mi dúró. “Ọkọ wo lo kọ yìí? Ọkọ ilé, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko? Olórin mi, fi àmì sí i. Àmì ni mo fi ń gbọ́ràn báyìí.” Òun ló kọ́ mi, lọ́jọ́ ogbó mi, pé dò ń sọ̀ kalẹ̀, mí ń gòkè, re kò ru nǹkan kan lórí. Ìdí nìyí tí ìwé yìí fi ní àmì. Mo sì ń kọ́ ọ tayọ̀tayọ̀, mo ń fi í kọrin nídìí aṣọ, àfi bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ kékeré kan tó lọ láìní àmì.

Ọmọ wa ló ní kí a wá síbí báyìí, pé ojú Bàbá ṣì dára, yóò rí omi. Ó bá wa dé èbúté, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀, afárá náà nìyẹn, dúdú, gbọọrọ, ó dúró sínú omi bí ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn ikú ara rẹ̀ rí. Ọkọ mi ní, “Wọ́n tún un kọ́.” Mi ò kọ nǹkan kan sí i lọ́wọ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó rọra kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ igi ìfọwọ́tì, ó ń fọwọ́ wá nǹkan kiri. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ nígbà èwe. Ọwọ́ rẹ̀ bà á. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, kò wò mí lójú, kò sì tíì na àtẹ́lẹwọ́ sí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Láàárọ̀ yìí àwọn ẹyẹ jí, gbogbo igi ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, gbọ̀ngàn ìlú ńlá ò tó o bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Ó jókòó síta, ó ń wo bí ẹnu wọn ṣe ń là tó ń pa dé.

Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ ka èyí. Afárá yín ò wó. Ẹnu mi ni mo fi wó o. Ẹ dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà na ọwọ́ sí mi, kí n lè máa fi òtítọ́ sí i. Àkọ́bí mi, dárí ji ìyá rẹ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tẹ fóònù bí adìyẹ tó ń ṣá ọkà, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá sì di etí fún ẹnìkan, ẹ má fi ẹnu tiyín síbẹ̀.

Mo ń fi èyí kún un nísàlẹ̀. Ó ti kà á. Orí afárá ló jókòó sí kà á, ó fi ẹsẹ̀ rọ̀ sómi, èmi sì ń lọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ títí pákó fi ń dún. Ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, sókè, lórí omi: “O ní ó wó.” Ó tún ń kà á lọ. Ó wá rí ibì kan tí mo ti kọ ẹyẹ, tí mo ti ṣèèṣì gbé àmì dò lé e lórí. Ó fi itọ́ ra àtàǹpàkò, ó pa àmì náà rẹ́. Lẹ́yìn náà ló na àtẹ́lẹwọ́ sí mi láìbojú wẹ̀yìn. “Kí ni àwọn ẹyẹ yẹn ń wí? Má fi kún un.” Mo kúnlẹ̀ tì í, mo tẹ́tí. Wọn ò wí nǹkan kan tó ní lẹ́tà, nítorí náà àmì nìkan ni mo fà sí i lọ́wọ́, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ: mí, mí, dò, mí, re, dò, mí, mí, mí. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. Ìsinmi díẹ̀ ni mo gbà kí n lè kọ ìlà yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, àwọn ẹyẹ ò sì tíì parí.