Ìgbà Wo Ló Kàn Mí?

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lámínéètì ìwé, tí wọ́n ń fi ọ̀rá líle bò ó, ní Ṣakí ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n tò síwájú mi. Àwòrán òṣèré àtijọ́ kan ni ìyá náà kó lọ́wọ́, mẹ́ta, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tẹ̀ jáde láti orí fóònù.

"Màámi, ẹ ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ síkọ́ńdìrì ló ń lẹ àwòrán òṣèré mọ́ ògiri. Àwọn àna mi ń bọ̀ ní Sátidé, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀."

"Ẹ̀yin, tíṣà àgbà, ìyá ìjọ! Ó ti kọjá yín, mà."

"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, bàbá mi ní kò tíì kàn mí, ó fa àwòrán tí mo lẹ̀ ya. Mo délé ọkọ, bàbá yín ní ìyàwó ilé kì í ṣe irú ẹ̀, òun náà fa tèmi ya. Mi ò bá wọn jà. Àwọn méjèèjì ti kú, ìwọ wá ní ó ti kọjá mi. Ìgbà wo gan-an ló kàn mí?"

Ó tún bi í, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́: "Ìgbà wo?"

Ọmọ náà nawọ́ sí àwọn àwòrán náà. Ó ní, "Kí lẹ wá ń lámínéètì wọn fún?"

"Kí ìwọ náà má baà rí wọn fà ya."